Iléeṣẹ́ àgbá tó di ilé ìgbafẹ́ ní São Paulo: ẹ má tíì wó tiwa

Ará São Paulo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé àwòrán iléeṣẹ́ aṣọ kan tó ti di igbó n'Íkẹjà síbí. Ọ̀pọ̀ yín ló ní kí wọ́n gbé katapílà wá, kí wọ́n wó o palẹ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo ń gbé nítòsí iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ wó rí, tó sì wá di ibi tí mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ìlú ńlá yìí.

SESC Pompeia lorúkọ ibẹ̀, òpópónà Clélia ló wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn São Paulo, ní Brazil. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Àgbá onírin, dúrọ́ọ̀mù tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, àwọn yẹn sì ń ṣe fíríìjì oníkẹrosíìnì. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ni SESC bá rà á lọ́dún 1971. SESC kì í ṣe ìjọba o, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń wá èrè. Òfin ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1946: àwọn oníṣòwò Brazil gbọ́dọ̀ máa dá owó lórí owó oṣù tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́, 1.5% ni báyìí, kí àjọ náà sì fi owó yẹn ṣètò ìgbafẹ́, eré ìdárayá, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ẹbí wọn.

Wọ́n ti ń gbèrò àtiwó iléeṣẹ́ náà kí wọ́n tó ké sí Lina Bo Bardi, obìnrin ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí sí Róòmù lọ́dún 1914, tó kó wá sí Brazil lọ́dún 1946. Ìgbà àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ibẹ̀ dá páropáro. Ògiri bíríkì àti òpó kọnkéré rẹ̀ ló wù ú. Ìgbà tó padà lọ, ọjọ́ Sátidé ni, ló bá bá èrò níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé tó ti fọ́, òjò ń rọ̀ lé wọn lórí nínú ilé, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ń sun ẹran lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ bà jẹ́, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní wó ilé náà.

1977 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọ́fíìsì rẹ̀ wá sínú iléeṣẹ́ náà, àárín àwọn bíríkìlà ló ti ń yàwòrán. Wọ́n ha sìmẹ́ńtì ara ògiri dànù títí bíríkì fi jáde síta, wọ́n fi àwo dígí há àárín àwo òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọ́n gbẹ́ odò kékeré kan tó ń ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ sínú ilẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n sì kọ́ ààrò gbangba síbẹ̀ tí wọ́n ń dá iná sí nígbà òtútù. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1982. Ilé ìkàwé wà níbẹ̀, tíátà wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀ àti iṣẹ́ igi wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ tí àlejò àti onílé ti jọ ń jókòó sórí tábìlì gígùn kan náà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: nínú àwọn iléeṣẹ́ wa tó ti kú, èwo lẹ mọ̀ tí irú èyí lè bá lára mu?

Ọmọ Ìsọlọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: iléeṣẹ́ wa kì í ṣófo lásán, ohun kan ló máa ń gbà á. Lọ́wọ́ tiwa níbí, orúkọ iléeṣẹ́ aṣọ ni ọjà Aswani ń jẹ́ títí dòní. Gbogbo ọjọ́ Tuesday ni èrò máa ń ya bo ibẹ̀, aṣọ àlòkù àti aṣọ tuntun, bàtà, báàgì, ẹ ò ní ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó kù ní Ìlúpéjú, Orégùn àti Ìsọlọ̀, púpọ̀ nínú wọn ti di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn náà, ṣé kì í ṣe ìlò ni?

Ará São Paulo

Ìlò ni, àbúrò, mi ò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo ń béèrè ni ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Ní Pompeia, ẹnikẹ́ni lè wọlé láìsan kọ́bọ̀, kó jókòó, kó ka ìwé ìròyìn, kó ta ayò ṣẹ́sì pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe tàbí kí ló fẹ́ rà.

Díákónì

Mo fẹ́ gbèjà ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀, ẹ má bínú. Ibi tí à ń jọ́sìn sí, iléeṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a gbà á, òrùlé ti jìn sílẹ̀, ejò ń gbé inú rẹ̀, àwọn jàǹdùkú ti yọ gbogbo wáyà àti fèrèsé tà. Àwa la dáwó, àwa la kan òrùlé. Gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ ló bá ìjọ ńlá mu, torí òpó rẹ̀ jìnnà síra, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí pẹpẹ. Bí a ò bá gbà á, ì bá ti wó. Ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó tọ́jú ilé ní ìyìn tirẹ̀.

Ìyá Peckham

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. London ni mo wà, ẹ jẹ́ n fi tibí kún un. Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń wá wò, ilé iṣẹ́ amúnáwá Bankside ni tẹ́lẹ̀. Giles Gilbert Scott ló yàwòrán rẹ̀. Láàárín 1947 sí 1963 ni wọ́n kọ́ ọ, epo ni wọ́n ń jó níbẹ̀. Òpó èéfín rẹ̀ ga tó mítà 99, wọn ò jẹ́ kó ga ju òrùlé roboto ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's tó dojú kọ ọ́ lódìkejì odò Thames. Epo wọ́n, wọ́n pa á dé lọ́dún 1981, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Herzog àti de Meuron, àwọn ayàwòrán-ilé ará Switzerland, tó tún un ṣe. 2000 ni wọ́n ṣí i.

Gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ tọ́báìnì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn kó ẹ̀rọ jáde ni, wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó gùn tó mítà 155, ó ga tó 35. Lọ́dún 2023 mo mú àwọn ọmọ mi lọ wo iṣẹ́ El Anatsui níbẹ̀, ọmọ Ghana tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Nsukka. Ìdérí ìgò ọtí ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi wáyà so pọ̀ di aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó rọ̀ láti òkè délẹ̀. Ọmọ mi kékeré sún mọ́ ọn, ó rí orúkọ ọtí lára ìdérí, ó ké sí mi pé, "Mọ́mì, èyí wà nílé Grandpa!" Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ọdún 2025 ni wọ́n tún ṣí àfihàn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ilẹ̀ Nàìjíríà síbẹ̀, Ben Enwonwu, Ladi Kwali, Bruce Onobrakpeya. Ilé tó jẹ́ pé epo ni wọ́n ń dáná sí tẹ́lẹ̀!

Ṣùgbọ́n mo tún ní nǹkan kan láti sọ. Nígbà tí Tate dé, ilẹ̀ àdúgbò yẹn di wúrà. Àwọn ilé olówó gọbọi yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ra fúláàtì onídígí níbẹ̀ wá pe Tate lẹ́jọ́ pé àwọn èrò tó ń wo ìlú láti òkè ilé tuntun rẹ̀ ń wo inú pálọ̀ àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá wọn láre ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí èéfín ṣì ń jáde, tó ń sanwó ilé lóṣooṣù, ìyẹn ò ní agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí a bá fẹ́ tún iléeṣẹ́ kan ṣe ní Èkó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ro ti àwọn ayálégbé tó yí i ká.

Bàbá Ahunṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ọmọ mi ló bá mi tẹ èyí.

Iléeṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo débi pé ariwo rẹ̀ ń mi ilẹ̀ tìtì. A kì í gbọ́ ohùn ara wa. Ẹnu la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, èmi a wo ètè rẹ, ìwọ a wo tèmi. Bí okùn bá já lórí ẹ̀rọ, ìka wa ti mọ bí a ṣe ń ta á kókó kí ẹ̀rọ tó ba aṣọ jẹ́, ojú wa ò ní kúrò lára ẹ̀rọ kejì. Nígbà tí ṣíìfù bá parí, òwú ti wọ irun, wọ ipéǹpéjú, wọ inú imú. Àwọn ọmọ wa a sì máa ṣa á lára wa nílé.

Iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ di ségesège, dísẹ́ẹ̀lì gbówó lórí, aṣọ òkèèrè kún ọjà, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Lọ́jọ́ kan a dé ẹnu géètì, a bá àgádágodo. Owó ìfẹ̀yìntì wa, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, púpọ̀ nínú wa ò rí i gbà. Àwọn kan ti kú dè é.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ibi ijó àti àwòrán, ó dára, mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ la kọ́ ọ fún. Ṣé kò lè tún ṣe nǹkan jáde ni? Àwọn ọmọ tó wà ládùúgbò náà ń wá iṣẹ́.

Ará São Paulo

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú tèmi.

Ẹ jẹ́ n fi ohun kan kún un. Kì í ṣe ijó nìkan ló wà ní Pompeia. Lábẹ́ òrùlé iléeṣẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù pín ilẹ̀ sí yàrá yàrá, ògiri yàrá ọ̀hún ò ga dé òrùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìkòkò, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé, aṣọ híhun náà wà. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ ó máa gbọ́ ayùn lápá kan, ẹ ó máa rí ẹni tí amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lápá kejì. Ẹni tó dàgbà bíi tiyín ló yẹ kó máa kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ n'Íkẹjà, tí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ yín ò sì sí níbẹ̀ bí ọ̀gá, wọn ò tíì ṣe é.

Ayàwòrán-ilé Ìbàdàn

Mo júbà yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ tèmi.

Ìdí tí iléeṣẹ́ àtijọ́ fi rọrùn láti tún lò ni pé wọ́n kọ́ ọ láti gbé ẹrù. Ilẹ̀ rẹ̀ nípọn, òpó rẹ̀ jìnnà síra, òrùlé rẹ̀ ga. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń wọlé láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè jáde. Ní Ìbàdàn níbí, ilé tuntun tí wọ́n fi dígí bò láti òkè délẹ̀ ò lè gbé láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ àtijọ́ lè tutù fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti dí pa.

Àmọ́ ewu wà. Àwo òrùlé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ asbestos, ohun èlò ilé tí fọ́nrán òkúta wà nínú rẹ̀. Bí kò bá fọ́, kò ní pa yín lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òòlù lù ú tàbí tí ẹ gé e, ekuru rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn, jẹjẹrẹ sì wà lára rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń wó o láìfi nǹkan bo imú, ọkàn mi bàjẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ yọ ọ́ lódindi, ẹ bo imú pẹ̀lú ìbòjú tó yẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá nínípọn. Ìkejì, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró tàbí tí wọ́n ti ń da epo ẹ̀rọ, oró wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ má gbẹ́ kànga síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú un lọ yẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n São Paulo, ẹ sọ fún wa nípa ilé gogoro méjì tó wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ la máa ń rí nílé ìwé.

Ará São Paulo

Òtítọ́ ni, mo gbàgbé rẹ̀ ni! Odò kan tí wọ́n ń pè ní Águas Pretas, ìyẹn omi dúdú, ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀ náà. Òfin ò sì gbà kí wọ́n kọ́ nǹkan kan lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ pápá eré ìdárayá. Lina wá gbé ilé kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún odò, ó gbé ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó wá fi afárá kọnkéré mẹ́jọ so wọ́n pọ̀ lókè. Ilé kan ni pápá eré wà, wọ́n tò wọ́n léra, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé kejì ni àtẹ̀gùn àti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ wà. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba afárá kọjá nínú afẹ́fẹ́ gbangba, bí òjò ń rọ̀, kó rọ̀. Fèrèsé pápá eré kò ní dígí rárá, ihò gbàgàdà tí kò ní ìrísí kan pàtó ni, wọ́n fi igi pupa tí wọ́n tò bí àwọ̀n dí i. 1986 ni apá yìí parí.

Lórí odò yẹn gan-an, wọ́n tẹ́ pákó gígùn kan. Ní ìgbà ooru, àwọn èèyàn máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yá oòrùn, wọ́n ní etíkun àwọn nìyẹn, torí òkun jìnnà sí São Paulo.

Ọmọ Kétu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé obìnrin yìí ti mọ̀ wá kó tó dé Pompeia. Ó gbé ní Bahia, ìpínlẹ̀ Brazil tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé, láti 1958 sí 1964. Ibẹ̀ ló ti tún Solar do Unhão ṣe, létí òkun Salvador. Ilé olówó ṣúgà ni láti ayé ẹrú, ó di iléeṣẹ́ áṣáà lẹ́yìn náà. Àtẹ̀gùn onígi tó ṣe síbẹ̀, kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀. Igi ni wọ́n fi há igi, bí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ màlúù ṣe ń ṣe é. Lórí ilẹ̀ tí ọwọ́ àwọn babańlá wa ti ru ẹrù ṣúgà, ó kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù jọ, ìkòkò, aṣọ, fìtílà tí wọ́n fi agolo ṣe, ó ní kí gbogbo ayé wá wò ó. Lọ́dún 1988 òun àti Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé tó di babaláwo, Fátúmbí wa, ṣí Casa do Benin (Ilé Benin) sí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ híhun wé òpó kọnkéré ibẹ̀. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń sọ nípa kọnkéré rẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Bahia ló kọ́ ọ pé kó máa bọ̀wọ̀ fún ohun tí aláìní fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ìsọlọ̀

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Wọ́n ní Havana ní Cuba náà ní tirẹ̀, Fábrica de Arte Cubano, ilé iṣẹ́ ọnà kan, iléeṣẹ́ òróró ìsebẹ̀ ni ní Vedado tẹ́lẹ̀, olórin X Alfonso ló ṣáájú àwọn tó ṣí i lọ́dún 2014. Ṣé kò sí ìkankan tiwa ni?

Ayàwòrán-ilé Ìbàdàn

Ìbẹ̀rẹ̀ wà. Lọ́dún 2017, ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe látijọ́, ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ Lagos Biennial, àfihàn iṣẹ́ ọnà. Mo lọ. Iṣẹ́ ọnà wà láàárín irin tó ti dípẹtà, kò sì sí ẹni tó kun ògiri kó lè jọ gálárì. Nínú ọgbà yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Legacy 1995, àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ti tún Jaekel House ṣe, ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, wọ́n kó ohun èlò rélùwéè sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àfihàn a máa parí, owó a sì tán. Pompeia ní 1.5% tó ń wọlé lóṣooṣù, ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé òun máa gbowó. Tiwa, ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ ṣe é, tó bá rẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn tì. Mo gbàgbọ́ pé ká kọ́kọ́ wá owó tí yóò máa tọ́jú ilé kí a tó wá owó tí a ó fi tún un ṣe.

Díákónì

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ owó yìí ló jẹ́ kí ìjọ lè di ilé mú. Oṣooṣù là ń dáwó. Bóyá kí ẹgbẹ́ àdúgbò àti àwọn oníṣòwò tó yí iléeṣẹ́ kan ká máa dá díẹ̀díẹ̀, kí ìjọ tó wà níbẹ̀ náà dá tirẹ̀, kí wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Láti Monday títí di ìrọ̀lẹ́ Wednesday, gbọ̀ngàn tiwa ṣófo. Màá gbé e lọ bá àwọn alàgbà.

Bàbá Ahunṣọ

Díákónì, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ. Bí wọ́n bá gbà, mo mọ àwọn tó kù lára wa tó lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ta okùn sórí ẹ̀rọ. Ọ̀kan wà ní Àgége, ọ̀kan wà ní Ìjù, wọ́n ṣì lágbára. Èmi fúnra mi á wá. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, iléeṣẹ́ tiwa yẹn, ta ló ni ín báyìí? Àwọn kan ní bánkì ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ayàwòrán-ilé Ìbàdàn

Bàbá, ibẹ̀ ló ti yẹ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi orúkọ òpópónà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Wọ́n lè bá wa yẹ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Alausa, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, màá san án. Bí a bá ti mọ ẹni tó ni ín, màá kọ lẹ́tà sí i láti gbàyè kí n wọlé wọn ilé náà, kí n wo òrùlé rẹ̀ bóyá asbestos ni. Tí ẹ bá lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ó máa fi hàn mí ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dúró sí, èmi á sì máa kọ ọ́ sínú àwòrán.